Ẹ̀wà, Ilá àti Ẹ̀kọ: Ìtàn Ìkòkò Òrìṣà Láàárín Àwọn Tí Kò Lówó

Mo júbà àwọn ìyá tó dáná fún òrìṣà nígbà tí wọn kò ní ìkòkò tiwọn, kí n tó sọ ti ẹnu mi.

Ní ọdún kan, ọmọ ilé wa kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, tó ń múra láti ṣe ọdún Ọ̀ṣun rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, mú ìwé ọjà wá bá mi. Ó ti kọ gbogbo ohun tó fẹ́ rà sílẹ̀, ó sì ti kọ iye owó sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣu tí wọ́n fi bàálù kó wá. Oyin inú ìgò kékeré tí owó rẹ̀ tó owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta. Epo pupa inú ìgò, tí wọ́n kọ sí i lára pé kẹ́míkà kankan kò kàn án. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà nínú àpò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé oṣù kan. Ó wò mí, ó ní, “Ìyá, bóyá kí n jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀sìn wa yìí, ẹni tí kò lówó kò lè ṣe é.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn rí, ṣùgbọ́n àwọn tí kò sọ ọ́ rárá ló ń bà mí lẹ́rù jù. Wọn kì í sọ nǹkan kan. Wọ́n á kàn dẹ́kun wíwá ni.

Nǹkan kejì tún wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbójú fò. Nínú ilé wa kan náà, àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ pọ̀ ju ohun tí mo fẹ́ kà lọ. Bí a bá ṣe ọdún tán, ẹni tó ná owó oṣù kan lórí oúnjẹ òrìṣà á padà sí búrẹ́dì funfun, adìyẹ díndín inú páálí àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò títí ọdún á fi yí po. Ó dà bí ẹni pé oúnjẹ gidi jẹ́ ohun tí a ń yá lọ́wọ́ òrìṣà fún ọjọ́ kan. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tí òrìṣà ń jẹ ní Bahia, ní Kuba àti ní ilẹ̀ baba wa, oúnjẹ ojoojúmọ́ àwọn tí kò ní nǹkan ni. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ mú yín gbà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀wà, nítorí òun ni òpó ilé. Áfíríkà ni ẹ̀wà tiwa yìí, èyí tó ní ojú dúdú, ti ṣẹ̀. Àwọn tó ń walẹ̀ wo ohun àtijọ́ ti rí hóró rẹ̀ tó jóná ní àwọn ibùgbé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Kintampo ní ilẹ̀ Ghana, ó sì ti ju 3,500 ọdún lọ. Ọ̀pẹ náà, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Iṣu funfun bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà kò fẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá púpọ̀, kò fẹ́ òjò púpọ̀, bí ó bá sì gbẹ, ó lè wà nínú àpò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ oúnjẹ ẹni tí kò ní oko ńlá.

Ṣùgbọ́n àgbàdo ńkọ́? Ibí yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó máa ń sọ pé “ohun tí kò bá ti ilé wá kì í ṣe ti òrìṣà” gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n gbọ́. Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá. Àwọn Potogí ló gbé e gba orí òkun dé etíkun wa láti nǹkan bí àwọn ọdún 1500 síwájú. Ọ̀nà kan náà ni ata wẹ́wẹ́ àti ata rodo gbà dé, àti ẹ̀pà, àti gbágùúdá. Ọkà bàbà ni ọkà tiwa látilẹ̀, àwọn kan sì ṣì ń fi ọkà bàbà ṣe ẹ̀kọ títí dòní. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí àgbàdo dé tí ó fi wọ ilé òrìṣà. Ẹ̀kọ funfun tí Ọbàtálá ń jẹ, ẹ̀gbo, gúgúrú, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí àwọn olùsìn Ọ̀ṣun ń mu, àlejò ni gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Brazil àti Kuba, àgbàdo tó ti ibẹ̀ wá ni wọ́n tún padà bá níbẹ̀, wọ́n sì sè é fún òrìṣà bí ẹni pé láti Ifẹ̀ ni ó ti wá. Àwọn baba wa kò béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ hóró.

Ogun tó fọ́ Ọ̀yọ́ Ilé àti ogun Òwu, pàápàá láàárín 1820 sí 1840, ló sọ ọ̀pọ̀ Yorùbá di ẹrú. Salvador ní Bahia ni púpọ̀ nínú wọn já sí, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nagô. Àwọn mìíràn já sí Kuba, wọ́n sì di Lukumí. Àwọn ọkọ̀ tó kó wọn máa ń ra iṣu àti ẹ̀wà ní etíkun wa láti fi bọ́ àwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Nítorí náà oúnjẹ wa bá wa wọ ọkọ̀, kì í ṣe nítorí ìfẹ́. Ní oko ìrèké ní Bahia, ìyẹ̀fun gbágùúdá àti ẹran gbígbẹ oníyọ̀ ni olówó ẹrú ń fún wọn, ìwọ̀nba tí kò ní jẹ́ kí wọ́n kú. Ohun tó bá dára ju ìyẹn lọ, láti inú oko kékeré tí wọ́n fi ọjọ́ ìsinmi wọn ro ni ó ti ń wá.

Ìgboro Salvador yàtọ̀ sí oko. Níbẹ̀, olówó á rán ẹrú rẹ̀ obìnrin jáde láti lọ tajà. Ganhadeira ni wọ́n ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Yóò san iye kan fún olówó rẹ̀ lójoojúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, èyí tó bá lé ni tirẹ̀. Kí ló ń tà? Oúnjẹ. Ní 1802, olùkọ́ èdè Gíríìkì kan tó ń gbé Salvador, Luís dos Santos Vilhena, kọ lẹ́tà nípa ìlú náà, ó sì ka orúkọ àwọn oúnjẹ tí àwọn obìnrin wọ̀nyí ń polówó láàárín ìgboro. Inú ọkùnrin náà kò dùn sí i. Ó kà á sí ìtìjú pé ilé àwọn ọlọ́lá ni irú ọjà yẹpẹrẹ bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀: acarajé, abará, acaçá, caruru. Ẹ pè é sókè, ẹ ó gbọ́ àkàrà àti àbàrà. Acaçá ni ẹ̀kọ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Fọ̀n àti Ẹ̀gùn ló ni orúkọ yẹn, àkàsà. Ẹni tó ń fi imú gbá oúnjẹ ẹrú ló wá di ẹlẹ́rìí wa. Ó ti lé ní igba ọdún báyìí, a ṣì ń sè wọ́n.

Nínú owó àkàrà ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti ra ara wọn padà. Nínú rẹ̀ náà ni wọ́n ti rí owó tí wọ́n fi wọ ilé òrìṣà, tí wọ́n fi ra aṣọ, tí wọ́n fi ṣe ọdún. Àkàrà jẹ́ ti Ọya, ẹni tí wọ́n ń pè ní Iansã níbẹ̀, títa rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ tí òrìṣà fún ọmọ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: oúnjẹ òrìṣà kò sọ wọ́n di aláìní, òun gan-an ló gbé wọn dìde. Lẹ́yìn tí oko ẹrú parí ní Brazil ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1888, tí ìjọba kò fún àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ tàbí owó, àtẹ àkàrà yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ obìnrin padà sí.

Mo fẹ́ yà díẹ̀ nítorí orúkọ. Ẹ ó rí i kà níbi púpọ̀ pé “acarajé” túmọ̀ sí “jẹ bọ́ọ̀lù iná”. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní èdè tiwa. Àkàrà ni àkàrà, jẹ ni jẹ. Ìpolówó ọjà ló so wọ́n pọ̀. Òótọ́ ni pé a tún ń pe òwú oníná tí elégùn Ṣàngó ń gbé mì ní àkàrà, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iná ti wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà lílọ̀ tí ìyá mi ń dín láàárọ̀ kò ní iná kankan nínú, àfi èyí tó wà lábẹ́ agbada.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ọ̀wọ̀ kọ ọ̀rọ̀ ìdáná yìí sílẹ̀ ni Manuel Querino. Ọmọ dúdú ni, wọ́n bí i ní Santo Amaro ní 1851, ó di olùkọ́ àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ó sì kú ní 1923. Ìwé rẹ̀ lórí oúnjẹ Bahia jáde ní 1928, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ̀wà sínú omi tútù kí èèpo rẹ̀ lè bó, bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́ lórí òkúta, bí wọ́n ṣe ń po ó kí ó tó wọ inú epo. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ọlọ àti ọmọ ọlọ nílé wa á mọ̀ pé ohun kan náà ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nínú ìwé yẹn ni bí ohun tó wọ inú àkàrà ṣe kéré tó: ẹ̀wà, àlùbọ́sà, iyọ̀, epo. Ata àti edé wà nínú ọbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àkàrà ńlá tí wọ́n ń là sí méjì ní ìgboro Salvador lónìí, tí wọ́n ń ki vatapá àti edé sínú rẹ̀ títí kò fi lè pa ẹnu dé mọ́, ọmọ àná ni ìyẹn. Ó dùn, mo ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ilé òrìṣà, àkàrà Ọya ṣì wà bó ṣe wà, òun nìkan, láìní ohun tí wọ́n ki sínú rẹ̀.

Ní 2005, IPHAN, àjọ ìjọba Brazil tó ń tọ́jú ohun àjogúnbá, kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà Bahia sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Ó tó àsìkò, nítorí àwọn kan nínú àwọn ìjọ ajíhìnrere ti ń ta àkàrà kan náà lábẹ́ orúkọ Jésù, kí ẹnikẹ́ni má baà rántí Ọya. Mi ò bá ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ jà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lè gba orúkọ kúrò lára oúnjẹ, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi sọ pé a kò ní oúnjẹ kankan.

Nínú ilé Candomblé, ẹni tó ń darí ilé ìdáná ni iyabassê. Ẹ fetí sí i dáadáa, “ìyá” àti “sè” wà nínú rẹ̀. Ipò ńlá ni. Ohun tó sì ń jáde láti ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti òrìṣà nìkan. Ní Ilé Axé Opô Afonjá, tí Ìyá Eugênia Anna dos Santos, Ọba Bíyìí, dá sílẹ̀ ní Salvador ní 1910, Ọjọ́rú ni ọjọ́ amalá Ṣàngó. Ilá ni ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú amalá Brazil, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n sè é pẹ̀lú epo, àlùbọ́sà àti edé. Kò bá àmàlà tiwa dọ́gba, èyí tó jẹ́ èlùbọ́ pẹ̀lú gbẹ̀gìrì. Ní Kuba ẹ̀wẹ̀, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò ni wọ́n ń pè ní amalá, wọ́n sì ń fi ilá sí i. Ìlú mẹ́ta, orúkọ kan, Ṣàngó kan, ilá sì wà ní tòsí gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń jà lórí èwo ni ojúlówó, ebi kò tíì pa á ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù ni ọ̀dọ̀ àwọn ìbejì. Nílé wa, ìyá ìbejì á se ẹ̀wà, á pe àwọn ọmọ àdúgbò, ọmọ ẹni àti ọmọ ẹlòmíràn, wọn á bu ú jẹ. Kò sí ẹni tó béèrè ta ni baba rẹ. Ní Bahia, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣe é, ní àyíká ọjọ́ 27, ọjọ́ tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń ṣe ti Cosme àti Damião. Caruru ni wọ́n ń sè, ilá nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀wà, gúgúrú, ìrèké àti àwọn nǹkan mìíràn. Ọmọ méje ló ń kọ́kọ́ jẹ, nínú abọ́ kan náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, kí àgbàlagbà kankan tó fi ẹnu kàn án. Àwọn ènìyàn máa ń sọ iye ilá tí wọ́n gé, bí ẹni ń sọ iye ọmọ ogun: ọgọ́rùn-ún mélòó kan, ẹgbẹ̀rún kan. Iye ọmọ tó máa yó ni iye ilá yẹn dúró fún. Ilá ni ẹ̀fọ́ tí ẹni tó ní ṣílè díẹ̀ lè rà púpọ̀. Ó tọ́ kí òrìṣà àwọn ọmọdé yàn án.

Ọbalúayé náà ń ṣe àsè tirẹ̀, Olubajé, ní oṣù kẹjọ. Oúnjẹ òrìṣà púpọ̀ ni wọ́n á gbé jáde lọ́jọ́ náà, orí ewé lárà tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n á bù ú sí, gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ á sì fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Gúgúrú ni tirẹ̀ gan-an: wọ́n á yan án nínú iyanrìn tàbí nínú ìkòkò, láìfi ṣúgà tàbí iyọ̀ sí i, wọ́n á sì máa fi í pa ènìyàn lára láti gba àìsàn kúrò. Ìrònú mi máa ń lọ jìnnà níbi yìí. Òrìṣà tó ni àrùn, tó sì ni ìwòsàn, hóró àgbàdo tó ṣì wà pẹ̀lú èèpo rẹ̀ ni ó gbà, ohun tí ọmọdé lè fi owó àpò rẹ̀ rà.

Ọbàtálá ní tirẹ̀ kò fẹ́ iyọ̀, kò sì fẹ́ epo pupa. Ẹ̀gbo àgbàdo funfun, ẹ̀kọ, iṣu, ìgbín àti òrí ni tirẹ̀. Mi ò sọ pé Ọbàtálá ni dókítà yín o. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ Ọbàtálá kan tí dókítà ní kó dín iyọ̀ kù, tó sì sọ fún dókítà pé wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún òun lọ́jọ́ tí òun wọ ilé òrìṣà, òun ni kò gbọ́.

Nígbà tí mo sọ díẹ̀ nínú ìtàn yìí fún ará ilé, àgbà kan dá mi lóhùn. Ó ní, “Ìyá, ẹ má sọ òrìṣà di ẹni tí a ń fún ní àjẹkù. Bí a bá ní ká máa pààrọ̀ gbogbo nǹkan, níbo la máa dúró?” Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fẹ́ fi ẹ̀rín gbà á kọjá. Ìtàn obì ló lè dáhùn rẹ̀. Ní Kuba, obì tòótọ́ ṣọ̀wọ́n, àwọn àgbà sì fi àgbọn rọ́pò rẹ̀. Títí dòní, ègé àgbọn mẹ́rin ni wọ́n ń dà sílẹ̀ láti bá òrìṣà sọ̀rọ̀, Obí ni wọ́n sì ń pè é. Wọ́n pa orúkọ mọ́, wọ́n pààrọ̀ èso. Ní Bahia, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Lẹ́yìn tí òwò ẹrú ti dópin ní 1850, ọkọ̀ ṣì ń lọ ó ń bọ̀ láàárín Èkó àti Salvador, obì, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì wà nínú ẹrù tó ń kó lọ, àwọn tó ti padà sílé àti àwọn tó ṣì wà lọ́hùn-ún ló ń ṣòwò rẹ̀. Nítorí náà wọ́n ń rí obì gidi, wọ́n sì ń rà á bó ti wù kó wọ́n. Èwo nínú àwọn méjèèjì ló ṣẹ̀? Kò sí. Àwọn ará Bahia ná owó síbi tí wọ́n gbà pé kò ṣeé pààrọ̀, ẹyọ obì díẹ̀, wọ́n sì fi ohun tó hù ládùúgbò ṣe ìyókù. Ohun tí mo sọ fún àgbà náà nìyẹn: ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó jẹ́ obì nínú ìwé ọjà wa, kí a sì mọ ohun tó jẹ́ ilá.

Ní Kuba kan náà, ẹ gbọ́ bí orúkọ ṣe dúró: ekó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé, olelé, akará, ekrú. Ọ̀ọ̀lẹ̀ wa àti èkuru wa nìwọ̀nyí, ẹ̀wà kan náà ni wọ́n sì fi ń ṣe wọ́n, èyí tí wọ́n ń pè ní carita. Fún Ọ̀ṣun wọ́n ń se ochinchín, ẹ̀fọ́ pẹ̀lú edé àti ẹyin. Láti 1962 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń pín oúnjẹ fún ènìyàn pẹ̀lú ìwé ìwọ̀n, nígbà tí nǹkan sì le gan-an lẹ́yìn 1991, ilé òrìṣà kò ti ìlẹ̀kùn. Ẹni tó ní ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ ní ekó.

Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà ní ẹ̀wà yìí pẹ̀lú, bí ọ̀pọ̀ wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé tiwa ni. Ní South Carolina, wọ́n ń sè é pọ̀ mọ́ ìrẹsì ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdún fún oríire. Ìpínlẹ̀ yẹn náà ni Ọba Ẹfúntọ́lá Oseijeman Adélabú Adéfúnmi, ẹni tó wọ ilé òrìṣà ní Matanzas ní Kuba ní 1959, tẹ Ọ̀yọ́túnjí dó sí ní 1970. Ẹ̀wà ti dé ibẹ̀ ṣáájú wọn tipẹ́tipẹ́.

Ó kù ọ̀rọ̀ ọmọ ilé wa àti ìwé ọjà rẹ̀. A jókòó, a mú bírò. Mo bi í pé kí ni Ọ̀ṣun ń jẹ ní Òṣogbo. Ó mọ̀ ọ́n: yánrin, ẹ̀kọ, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Mo ní kí ni Ọ̀ṣun ń jẹ ní Bahia. Èyí kò yé e, mo sì sọ fún un: omolocum, ẹ̀wà tí a kò bó, tí a sè títí ó fi rọ̀, tí a po mọ́ àlùbọ́sà, epo àti edé lílọ̀, tí a wá to ẹyin síse sórí rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo ń tàn án. “Ẹ̀wà lásán, Ìyá?” Ẹ̀wà lásán.

A fa igi lé iṣu onínàìrà púpọ̀, ọdún Ọ̀ṣun kì í ṣe ọdún iṣu. A fa igi lé ìyẹ̀fun ẹ̀wà, nítorí àpò ẹ̀wà gbígbẹ ńlá kan ní ọjà àdúgbò wa, owó rẹ̀ kò tó ti ìyẹ̀fun kékeré mẹ́ta, ó sì lè bọ́ ogójì ènìyàn. Kò kan agolo náà. Ẹ̀wà inú agolo ti rọ̀ jù, iyọ̀ sì máa ń wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iṣẹ́ kankan nínú rírẹ ẹ̀wà sómi lálẹ́ ju pé kéèyàn rántí lọ. Yánrin kò sí lọ́jà. Ẹ̀fọ́ kan tó korò díẹ̀, tó jọ ọ́, wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Táákì, ìdì ńlá ni wọ́n ń tà á, a mú ìyẹn. Àgbàdo funfun gbígbẹ, a rà á lọ́dọ̀ àwọn ará Latin Amẹ́ríkà, a rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a ro ó di ẹ̀kọ nílé. Epo, a kò rà èyí tó wà nínú ìgò aláràbarà, a ra èyí tó pupa tó sì ń rùn bí epo, ìwọ̀nba ni a sì lò. Oyin, a kò dín owó rẹ̀. Oyin gidi ni a rà, ìgò kan, a sì tọ́ ọ wò kó tó kan òrìṣà. Obì bẹ́ẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù lórí ìwé ọjà náà kò tó ìdá mẹ́rin owó àkọ́kọ́.

Ọjọ́ ọdún pé, ìkòkò ẹ̀wà mẹ́ta ló wà lórí iná. Àwọn aládùúgbò tí wọn kì í ṣe ti wa náà jẹ. Ọmọdé kan sọ pé òun ò jẹ ẹ̀wà, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àgbà tó bi mí ní ìbéèrè lọ́jọ́sí ni ó pọn omi fún Ọ̀ṣun, kò sì sọ ohunkóhun nípa àjẹkù.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ ilé wa náà pè mí lórí fóònù. Ẹ̀wà ṣẹ́ kù nínú àpò, ó ní òun àti àwọn ọmọ òun ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ náà, ó wá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń bó o fún èkuru, nítorí òun ti rẹ ẹ́ láti àná, èèpo rẹ̀ kò sì fẹ́ ṣí. Mo ní kí ó fi ọwọ́ méjèèjì rà á nínú omi, kí ó má kánjú, kí ó da omi náà nù pẹ̀lú èèpo tó bá léfòó, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ìró omi nídìí fóònù. Ó ní, “Ó ti ń bó, Ìyá.”